Orúkọ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkìlọ̀

Ìgbà tí Màmá Aránṣọ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe òun ni ọkọ ń bá sọ̀rọ̀. Òun ló pè é lórí fóònù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó fẹ́ bi í bóyá kóun ra búrẹ́dì sílé tàbí ti àná ṣì tó. Kí ọkọ tó fèsì, nǹkan kan yọ lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ lọ́fíìsì. Ó ní, "Dúró ná, ìyá wọn, jẹ́ n ka èyí tán." Bó ṣe gbàgbé pé fóònù wà létí òun nìyẹn. Màmá ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n fi pe èèyàn lẹ́jọ́: "Ọ̀nà yìí... ti di àtijọ́... a máa mú un kúrò nínú..." Oníbàárà kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ wọ kaba rẹ̀ wò. Màmá dúró ìṣẹ́jú kan, ó dúró méjì, ó sọ fún ara rẹ̀ pé tóun bá ń retí ọkùnrin yìí, ibi tóun dúró sí lòun máa gbó sí. Ló bá gé fóònù.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn ni. Gbogbo àwọn tó wá kí Màmá ló ń bi í pé kí ni Bàbá sọ gbẹ̀yìn. Ojú sì ń ti Màmá láti sọ pé Bàbá ní ọ̀nà kan ti di àtijọ́, nítorí wọ́n máa rò pé ó rí ìran ni. Kò rí ìran kankan. Ìkìlọ̀ inú ètò kọ̀ǹpútà ló ń kà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ àṣìṣe, kó wá buwọ́ lu ìsàlẹ̀ pé òun ti kà á. Nígbà kan, ọ̀gá ibẹ̀ gbé ìwé olójú-ewé ogójì síwájú rẹ̀, ó ní kó tètè buwọ́ lù ú, ẹ̀rọ ti ń gbóná. Bàbá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ọ̀gá ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ẹ̀rọ gbóná, ẹ̀rọ tutù. Nígbà tó dé ojú ìwé kejìdínlógójì, ó rí i pé orúkọ ọ̀gá gan-an ni wọ́n tò sódì. Ọ̀gá ò dúpẹ́, àmọ́ kò tún sọ fún un mọ́ láé pé kó buwọ́ lu ohun tí kò kà.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé yẹn kógbá sílé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sílé, wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Òun lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ì bá bí. Oṣù mẹ́wàá ló fi kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ kan sì gbà á, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tó ń rán àwọn nọ́ọ̀sì létí wákàtí oògùn. Nọ́ọ̀sì á wo ojú kọ̀ǹpútà, ètò á sọ fún un pé: bẹ́ẹ̀dì kẹfà, abẹ́rẹ́, aago méjì. Kò gbọ́dọ̀ ṣàṣìṣe, torí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà ò lè bá a jiyàn.

Irú ètò bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbé e fún nọ́ọ̀sì láìdán an wò. Wọn kì í sì í fọwọ́ dán an wò. Wọ́n á kọ ètò mìíràn, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa yọ ètò àkọ́kọ́ lẹ́nu lọ: á purọ́ fún un pé aláìsàn dé, á tún purọ́ pé aláìsàn ti lọ, á da aago rú mọ́ ọn lójú, á wá wò ó bóyá ó máa ṣìwà hù. Ìdánwò ẹgbẹ̀fà ló ń wáyé báyìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí gbogbo rẹ̀ bá yege, àwọ̀ ewé á yọ. Tí ẹyọ kan bá kùnà, pupa á yọ, ọ́fíìsì á dàrú. Àmọ́ àwọ̀ kan wà láàárín méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò. Yẹ́lò kì í dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn ń sọ pé: mo gbà pé ẹ yege, ṣùgbọ́n ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà yege yìí ò dá mi lójú. Tàbí kó ní: irinṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń lò yìí, wọn máa tó kó o nílẹ̀, ẹ tètè wá òmíràn. Ìkìlọ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọ ọ́fíìsì náà kì í ka yẹ́lò. Wọ́n ń ṣe sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àgbàlagbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí: wọ́n á mi orí, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Lọ́sẹ̀ tí Bàbá débẹ̀, ó nawọ́ sókè nípàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ka àwọn yẹ́lò yìí?"

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, ló fèsì. "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Wọ́n kàn máa ń yọ ni."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń yọ?"

"Kí n tó dé ni."

"Mélòó ni wọ́n?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kà wọ́n: igba lé méjìlá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ìkìlọ̀.

Ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elétíìdí. Bó bá ti dé láàárọ̀, á dé ẹ̀rọ orin mọ́ etí méjèèjì, kò ní ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á gbá tábìlì. Òun àti Bàbá Ìkìlọ̀ wá jókòó kọjú síra wọn. Ọ̀kan ò gbọ́ nǹkan kan, èkejì ò jẹ́ kí nǹkan kan kọjá.

Ọ̀gá ti gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí àlejò ń jókòó sí, kí wọ́n lè máa rí àwọ̀ ìdánwò. Àwọn èèyàn ilé ìwòsàn wá lọ́jọ́ kan. Ìkan nínú wọn nàka sí i. "Yẹ́lò yìí ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn? A kàn fi ń ṣe ẹwà ni."

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ó kó gbogbo ọ́fíìsì jọ. "N ò fẹ́ rí yẹ́lò níbí mọ́. Kó tó di ọ̀la." Inú Bàbá Ìkìlọ̀ dùn. Ó rò pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni. Ó tiẹ̀ ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Kó tó ká ìkejì, Elétíìdí ti tẹ ìlà kan ṣoṣo sínú ètò: pa gbogbo ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Wọ́n tún ṣe ìdánwò náà. Àwọ̀ ewé, láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ránṣẹ́ lọ ra kéèkì.

Bàbá Ìkìlọ̀ jẹ kéèkì tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wá gbá tábìlì Elétíìdí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tún wọn ṣe ni, àbí wọ́n kàn dákẹ́?"

"Bàbá, ohun tó bá ti dákẹ́, kò lóhun tó ń ṣe é."

"Èmi náà á dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣé ara mi á wá dá ṣáṣá nìyẹn?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá!"

Wọ́n jà á títí Ọ̀gá fi jáde láti yàrá rẹ̀. Bàbá ò ní kí wọ́n má pa ìkìlọ̀ kankan lẹ́nu mọ́ o. Ó là á yé wọn pé àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà fúnra wọn: ìdánwò á ṣe ohun tí kò dáa, kí wọ́n lè wò ó bóyá ètò á figbe ta. Tó bá ti figbe ta, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n lè ní kó dákẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó rẹ Ọ̀gá, ó ṣòfin: ẹ yọ ìlà yẹn kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìkìlọ̀ lẹ́nu, kó pa ẹyọ kan náà nìkan, kó kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó wá kọ orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin dáa, àwọn tó ń lò ó ló kù. Ọ̀kan kọ ìdí tirẹ̀ pé: "Ó ń dí mi lọ́wọ́." Òmíràn kọ pé: "Kò burú." Ẹ̀kẹta kọ pé: "Ẹ bi Elétíìdí." Elétíìdí náà kọ tiẹ̀ pé: "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a." Bàbá Ìkìlọ̀ gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn. Ó ra ìwé ọmọ iléèwé kan, ó to nọ́ńbà sínú ẹ̀ láti oókan dé igba lé méjìlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ìdí tirẹ̀ máa ń gùn tó ìlà mẹ́rin. Wọ́n ní ó ti ń kọ ìtàn ayé ìkìlọ̀.

Ìdí oúnjẹ ni Màmá Aránṣọ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni Màmá kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀wù tó kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ rí tí kò ní kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta, kó fi ìka tọ gbogbo ojú rírán. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ kì í ṣòro yé e.

"Ìyá wọn, ọ̀kan wà lónìí tó ń sọ pé aago wa ò mọ ibi tó wà."

"Aago wo ni ò ní mọ ibi tó wà? Ṣé ó mutí ni?"

"Ó mọ iye tó lù o. Ìlú tó ti lù ú ni kò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn."

"Tá a bá fi í sílẹ̀, ó lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó gún èèyàn lábẹ́rẹ́ aago méjì ní aago kan. Tàbí ní mẹ́ta."

Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ẹ tún un ṣe o, Bàbá wọn. Ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣeré."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì yé mi tán ni. Mi ò sì ní kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kò yé mi."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó ka ìwé náà síwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọjà: méjìdínnígba ti tán, mẹ́rìnlá ló kù, ti aago wà lára wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé ètò tuntun fún ilé ìwòsàn. Ó ní òun máa parí ẹ̀ kó tó digbà náà. Ọjọ́ kejì ló jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Ọ̀gá àti Elétíìdí wá kí Màmá nílé. Wọ́n gbé báàgì Bàbá wá, pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀ àti ìgò ojú tó fi ń kàwé. Elétíìdí ti sọ ẹ̀rọ orin rẹ̀ kọ́ ọrùn. Màmá wo etí rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé etí ọ̀hún ò ní àbùkù kankan. Ó gbé omi fún wọn, wọ́n mu ún. Ọ̀gá ní ọ́fíìsì ò dùn mọ́, ó ní Bàbá ló jẹ́ bàbá fún gbogbo àwọn. Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá wúkọ́.

"Màmá, ìwé kan wà tí Bàbá máa ń kọ nǹkan sí. Ilé ìwòsàn fẹ́ rí i kí wọ́n tó gba ètò tuntun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìdí tá a fi pa ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu mọ́."

"Ó wà lọ́dọ̀ mi. Bàbá wọn gbàgbé ẹ̀ sílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ni Màmá wí. Ó ti mọ ìgbà yẹn pé ìwé ni wọ́n wá kí, òun kọ́.

"Ohun ayọ̀ kan tún wà." Ọ̀gá ṣẹ́jú sí Elétíìdí, ìyẹn ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìgéṣọ. Àwọ̀ ewé kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́. "A ti bá Bàbá parí iṣẹ́ wọn. Ní ìrántí wọn la ṣe ṣe é. Kò sí yẹ́lò kankan mọ́."

Màmá jókòó. "Ẹ ṣeun o. Àwọn mẹ́rìnlá tó kù, ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"

Elétíìdí ń wo òwú tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Màmá, gbogbo wa la mọ̀ pé ká ní Bàbá ṣì wà, wọn ì bá ti yẹ̀ wọ́n wò."

"Mo ní ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"

"Jẹ́ kí Màmá rí i," ni Ọ̀gá wí fún Elétíìdí, ó rò pé èyí tóun fẹ́ fi hàn án á mú inú rẹ̀ dùn. Elétíìdí yí i sókè, kò yára rárá. Màmá kì í ka ìwé kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí tí kò ní dá a mọ̀. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà mẹ́rìnlá ló kà á. Ìdí kan náà ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀: "Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ọjọ́ sì wà níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

"Ọjọ́ Ajé ni, Màmá," ni Elétíìdí wí.

"Ọjọ́ Ajé wo?"

"Èyí tó kọjá yìí."

"Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ mi kú. Ọjọ́ Ajé tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí, ilé ìtọ́jú òkú ni wọ́n wà. Ta ló gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn níbẹ̀?"

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Màmá, ẹ má bínú. A rò ó pé iyì ni. Ẹ tún wò ó, ẹni tó ti sinmi, kò sẹ́ni tó lè pè é kó wá ṣàlàyé."

"Ìdí tẹ́ ẹ fi mú wọn nìyẹn."

Ọkọ̀ kan kọjá níta, fèrèsé gbọ̀n.

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà," ni Màmá tún wí, "tí wọ́n wá wo ibẹ̀, orúkọ ọkọ mi ni wọ́n máa bá. Ọkùnrin tí kò buwọ́ lu ohun tí kò kà rí láyé rẹ̀, ìgbà tó kú tán lẹ wá ń bá a buwọ́ lu mẹ́rìnlá. Ẹ yọ orúkọ wọn kúrò níbẹ̀. Lójú mi báyìí. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ìwé."

"Tá a bá yọ ọ́, orúkọ ta la máa fi síbẹ̀? Ètò ò ní gbà ká fi í sílẹ̀ lásán. Bàbá fúnra wọn ló fà á tá a fi ṣòfin yẹn."

"Ẹ fi tiyín sí i, Ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jó. "Èmi? Èmi ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, Màmá. Iṣẹ́ àbójútó ni tèmi."

Màmá yíjú sí Elétíìdí. "Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Èyí tó jẹ́ ti aago yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Ó ti pẹ́. Mi ò rántí bí mo ṣe kọ ọ́ mọ́. Tí n bá ní kí n kọ orúkọ mi síbẹ̀, Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ láti kọ tìẹ, ọwọ́ rẹ ò sì gbọ̀n nígbà tó o ń kọ ti ọkọ mi."

"Ẹ forí jì mí, Màmá."

"Yọ ọ́."

Ọ̀gá ní kò tíì tó àkókò, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn padà sí ọ́fíìsì káwọn ṣèpàdé lórí ẹ̀. Elétíìdí ò wò ó. Ó ń pa orúkọ náà rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń ka iye rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka bọ́tìnnì, títí ó fi pé mẹ́rìnlá. Ó wá tún ṣe ìdánwò náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo wọn fi wo ojú kọ̀ǹpútà. Yẹ́lò yọ. Màmá ò tíì rí i rí. Ó ti rò pé á burú jù báyẹn lọ.

"Ẹ ti bà á jẹ́ fún wa," ni Ọ̀gá wí, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. "Ẹ ti bà á jẹ́, Màmá."

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. Ó dìde, ó lọ mú ìwé náà wá láti abẹ́ aṣọ tí kò tíì rán, ó fi lé Elétíìdí lọ́wọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ láti gbà á, Màmá ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé wọ́n ti sún ètò tuntun síwájú nítorí ọ̀fọ̀. Wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n ńlá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àwòrán Bàbá kọ́ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Olùfọkànsìn." Wọ́n ṣèpàdé lórí ẹni tó máa yẹ ìkìlọ̀ tó kù wò. Ẹnì kan ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹnì kan ní òun máa lọ sí ìsinmi. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n tún ra kéèkì, kí wọ́n fi rántí Bàbá.

Elétíìdí máa ń pe Màmá lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti yẹ mẹ́ta wò, ó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù ti kọjá. Mọ́kànlá ló kù nínú ìwé náà, nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan síwájú wọn. Ti aago wà nínú ẹ̀.